Ta Ló Ń Bomi sí Ọmọ Ẹlẹ́gùn-ún Ìyá Ìbejì?

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri o. Ọ̀dà tí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kùn sí i láti Kérésìmesì, títí dòní ló ń lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn, ẹni tó bá sì fara kàn án, òun náà ni yóò sanwó ọ̀dà. Mi ò ní pẹ́. Agbada gàrí mi ń bẹ lórí iná. Mo kàn ní kí n yára bá yín sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹlẹ́gùn-ún tó kú nínú ilé wa níbí, ní Ìjọ̀kà, nílùú Àkúrẹ́, torí mo gbọ́ pé obìnrin tó ń ta pọ̀nmọ́ lódìkejì títì ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé èmi ni mo pa wọ́n.

Irọ́ ni. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́.

Ẹ mọ Ìyá Ìbejì, aránṣọ yàrá kẹrin, ẹni tó máa ń gba aṣọ Ọdún Àjíǹde tí yóò wá gbé e fún oníṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè. Èèyàn dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń falẹ̀. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ní Peckham, ní London, níbi tí wọ́n ní èèyàn lè ra iṣu, ẹja gbígbẹ àti ewédú ní Rye Lane kó má sọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ òru ni ọmọkùnrin náà ń ṣe. Lọ́sàn-án ló ń sùn, ìgbà tó bá fi máa jí, ilẹ̀ ti ṣú, pàápàá ní Dìsẹ́ńbà tí oòrùn tiwọn ti ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò ní ìyàwó, kò ní ajá, irun ológbò sì máa ń mú un sín. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ wá fún un ní igi kan tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀gún bò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó gbé e sójú fèrèsé kó máa fi ṣe alábàárò. Kákítọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà tí a rí yàrá rẹ̀ nínú fídíò fóònù, agolo ló kún ojú fèrèsé, agolo ló kún orí tábìlì, agolo wà lórí àpótí aṣọ. Gbogbo wọn ló lẹ́gùn-ún. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, níbo lo wá ń sùn?" Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn.

Bí Ìyá Ìbejì ṣe fojú kàn wọ́n ni ojúkòkòrò mú un. Ó ní kí àbúrò òun fi kóró wọn ránṣẹ́. Bí kóró náà ṣe dé Àkúrẹ́, ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irúgbìn tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ìwé ẹ̀rí ló yẹ kó mú dání, ẹnu mi ò sì sí níbẹ̀. Inú àpòòwé ló wà, a tú u sórí ìwé funfun, gbogbo wa la yí i ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rí kóró ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rí? Dúdú, ó ń dán, kò tó orí abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìyá Ìjọ, wòlíì yàrá kẹsàn-án, sún sẹ́yìn, ó ní ẹ̀tù ìbọn ni. Wọ́n ní kó fọwọ́ kàn án, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́.

Wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àbúrò rẹ̀ ti ní kó wá yanrìn odò tó ṣe kóróbótó, kó fi erùpẹ̀ díẹ̀ lú u, kó sì yan án lórí iná títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹyin kòkòrò àti ebu tó ń jẹ ọmọ irúgbìn nídìí lè kú sínú rẹ̀. Kí lèèyàn fi ń yan nǹkan dáadáa nínú ilé yìí bí kò ṣe agbada gàrí? Agbada ta sì ni? Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé ẹ̀pà lòun fẹ́ fi yan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn oníbàárà mi fi ń sọ pé gàrí mi ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, tí mo ń bú pákí tí n kò mọ̀ pé pákí kò ṣe nǹkan kan. Mo dárí jì í. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni, kó tó di pé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní mo ṣe.

Ó fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì méje, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ó da yanrìn lé e, ó gbé gbogbo wọn sínú abọ́ omi kí omi máa gba ìdí wọlé. Lẹ́yìn èyí, ó fi ìka gbọn kóró náà sójú yanrìn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "O ò ní bò ó ni? Adìẹ yóò ṣà á jẹ o."

Ó ní, "Màámi Ẹlẹ́gàrí, wọn kì í bò ó. Ó kéré jù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i."

Ó la ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti fọ̀ gbẹ, ó fi bo ẹnu agolo kọ̀ọ̀kan, ó fi rọ́bà dè é, kí ooru àti ọ̀rinrin má bàa jáde. Ó gbé wọn sábẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti lè jó wọn. Mo ronú àbámodá lẹ́yìn ilé wa. Ẹ já ewé rẹ̀ kan, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bá tiyín lọ, ọmọ ni yóò máa yọ létí ewé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ wo òdúndún tí àwọn bàbá wa ń gbìn sínú ìkòkò, ewé tó ki, tó kún fún omi tirẹ̀, tí oòrùn ò lè rí mú. Àwọn ọmọ ìyá kákítọ́ọ̀sì nínú ìfaradà nìyẹn, wọn kò gba ọ̀rá, wọn kò gba agbada èèyàn. Ṣùgbọ́n tí nǹkan ò bá ti wá láti London, kì í wu àwọn kan.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Àwọn mìíràn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bá wa dé ibẹ̀ kí ẹ rí ìjákulẹ̀! Àwa ń retí ẹ̀gún, ohun tí a rí ni àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín aláwọ̀ ewé, bí orí ìṣáná, ìwo kékeré méjì lórí ẹlòmíràn. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Mo mọ iye wọn nítorí pé àràárọ̀ ni Ìyá Ìbejì ń kà wọ́n sókè ketekete kó tó ka iye ọmọ tirẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù kan ààbọ̀ ni irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí wọn, irun náà ló wá le, tó di ẹ̀gún. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kejìlá, tó ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì FUTA, ló ṣàlàyé pé ẹ̀gún yẹn gan-an ni ewé rẹ̀. Ó ní ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi omi ṣòfò nínú aṣálẹ̀, ló bá sọ tirẹ̀ di abẹ́rẹ́, ó wá fi ara roboto rẹ̀ gba iṣẹ́ oúnjẹ sísè.

Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà, ajórin inú ilé wa, ò gbà. Ó ní kí ló dé tí a ń fi akọ ọ̀rọ̀ dá ara wa láàmú, ó ní igi oró ni, èyí tí wọ́n ń gbìn sí ojúbọ nílé bàbá òun. Ẹ mọ igi oró, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀: ẹ̀gún lára, wàrà nínú, wàrà náà kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní wọ́n jọra lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà wo ibi tí ẹ̀gún ti yọ. Lára kákítọ́ọ̀sì, ojú kékeré kan máa ń wà tó dà bí òwú, ibẹ̀ ni ẹ̀gún ti ń jáde lápapọ̀ bí ìgbálẹ̀. Igi oró kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà wò ó, ó ní òun ò rí òwú kankan. Ojú tó ti wo iná àjórin láti ogún ọdún, kí ló fẹ́ rí?

Ọmọbìnrin yìí kan náà ló sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ó ní gbogbo kákítọ́ọ̀sì tó wà láyé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ilé wọn, àfi ẹyọ kan péré tó tún ní ilé níbòmíràn. Rhipsalis ló pè é. Ìyẹn kò lẹ́gùn-ún, ó ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí igi ńlá bí okùn, bíi ti àfòmọ́, ó sì ń so èso funfun kékeré tí ẹyẹ ń jẹ. Inú igbó ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú níbí ló ń gbé, ó ń gbé ní Madagáskà, ó ń gbé títí dé Siri Láńkà. Ẹyẹ ló gbé e sọdá òkun ni àbí àwọn atukọ̀? Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn fà á. Mo wá ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí n ti fi àdá gé e dànù lóko láìmọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló dá a sílẹ̀, ọmọdé kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tán. Ó sọ fún bàbá pé ní Ọsirélíà, wọ́n kó kákítọ́ọ̀sì kan tó ń so èso wọ̀lú, ó sì ràn débi pé nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1925, ó ti bo ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 24. Àgbẹ̀ ń sá fi oko sílẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti wọlé lọ mú àdá. A ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù!" Ó ní ilé yìí ni òun fi owó ìfẹ̀yìntì òun kọ́, igi kan kò ní lé òun jáde. Ọmọbìnrin náà wá ń sáré sọ ìyókù: wọ́n lọ kó ẹyin labalábá òru kan wá láti Ajẹntínà, ìdin rẹ̀ jẹ kákítọ́ọ̀sì náà run láàárín ọdún díẹ̀, inú àwọn ará Boonarga ní Queensland sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan ní 1936 láti fi ṣe ìrántí kòkòrò náà. Gbọ̀ngàn, fún ìdin! Ní àdúgbò wa níbí, ọdún kẹta nìyí tí a ń dáwó gọ́tà.

Ohun tó mú bàbá ju àdá sílẹ̀ ni ìgbà tó bèèrè bó ṣe máa pẹ́ tó kí tiwa tó dàgbà. Ọmọbìnrin náà ní ó sinmi lé irú tó bá jẹ́. Ó ní èyí tó gùn bí òpó iná tí a máa ń rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà, tó ń na apá méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ní Arizona ló wà, ó sì lè lo ọdún mẹ́jọ láyé kó má tíì ga ju ínṣì kan sí ínṣì kan ààbọ̀ lọ. Kó tó yọ apá àkọ́kọ́, ó lè tó 50 ọdún tàbí 75. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ṣírò, ó fi ìka ka ọjọ́ orí tirẹ̀ mọ́ ọn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n owó omi yóò lé.

Owó omi! Ẹ wá gbọ́.

Oṣù Kejì la gbìn wọ́n. Nígbà tó fi di June, wọ́n ti rí roboto bí èso ìdò, funfun lára, wọ́n rẹwà, mi ò ní purọ́. Ìyá Ìbejì tú wọn sí agolo mọ́kànlá, ó tò wọ́n sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù omi, níbi tí òrùlé bò. Ó wá pè wá jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bomi sí wọn. Òun nìkan ni yóò máa bomi, ìyẹn náà á di ìgbà tí yanrìn bá gbẹ táútáú. Gbogbo wa wo ara wa. Nínú ilé tí èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti ń lo dírọ́ọ̀mù kan, ta ló fẹ́ fomi ṣòfò?

Àbúrò rẹ̀ ló fà á létí. Òun náà ti jẹ ìyà rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ tó gbin tirẹ̀ ní kóró, ìgbà òtútù dé, àánú ṣe é, ó kó wọn sórí irin tó ń mú ilé gbóná. Wọ́n gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò sí. Wọ́n bá ń fà gùn sókè, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì funfun bí èéhù tó hù lábẹ́ ìkòkò, wọ́n ń na ọrùn sí fèrèsé. Nígbà tí oòrùn dé ní Éprì, wọn kò lè gbé ara wọn dúró. Lọ́dún kejì, ó gbé àwọn tó dàgbà sí yàrá tó tutù, tí kò ní irin tó ń mú ilé gbóná, ó ṣe dáadáa níbẹ̀, ó wá lọ fi omi Kérésìmesì kí wọn. Ife kan péré. January kò tíì tán tí ìdí wọn fi rọ̀. Ó ní ohun tí òun wá mọ̀ ni pé òtútù nìkan kì í pa wọ́n bẹ́ẹ̀, òtútù pẹ̀lú omi ló ń pa wọ́n. Tí gbòǹgbò bá gbẹ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dàgbà máa ń fara da òtútù tó sún mọ́ ti inú fìríìjì. Wọ́n á sùn ni. Láti nǹkan bí October títí di March, kò sí omi, wọ́n á fún pọ̀ díẹ̀, wọ́n á dà bí ẹni tó gbààwẹ̀, kò sí ewu. Àwọn ọmọ ọdún kan nìkan ló yọ sílẹ̀, torí pé ara wọn kò tíì tóbi tó láti tọ́jú omi pamọ́, ìyẹn ló ṣe tan iná àtùpà lé wọn lórí, tó ń fún wọn ní ìwọ̀nba ooru àti omi díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì wá ní, "Ìgbà òtútù tiwa dà?" Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà ní ọyẹ́ ni. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní ọyẹ́ ayé òde òní kò tó nǹkan, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ètè èèyàn á là débi tí kò ní lè rẹ́rìn-ín títí di February. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ló parí ẹjọ́: ó ní ọyẹ́ tiwa gbẹ, kákítọ́ọ̀sì kò bínú sí i. Àsìkò tó le fún un l'Ákùúrẹ́ ni June sí September, tí òjò ń rọ̀, tí ojú ọ̀run ṣú, tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ ṣì tutù lálẹ́. Ó ní ìgbà yẹn gan-an ni kí a kà sí ìgbà òtútù, kí a dín omi kù gidigidi.

Lẹ́yìn ìpàdé ni Ìyá Ìbejì wá ṣàṣìṣe. Ó sọ fún wa, pẹ̀lú ìyangàn, pé igi òun kì í mí lọ́sàn-án. Ó ní òru ló ń mí. Òótọ́ ni o, ọmọ FUTA náà fọwọ́ sí i: igi tó kù ń la ihò ara wọn lọ́sàn-án láti fa afẹ́fẹ́, omi á sì máa gba ibẹ̀ sá lọ. Kákítọ́ọ̀sì ń dì í pa lọ́sàn-án, ó ń là á lóru tí ilẹ̀ bá tutù, á kó afẹ́fẹ́ pamọ́ sínú, á wá fi oòrùn ọjọ́ kejì se é. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìbejì ti ń jí lóru, tó ń mú tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó bóyá òun á rí i níbi tó ti ń mí. Ìyá Ìjọ ní tirẹ̀ gbọ́ "igi tó ń mí lóru", ó dìde, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì July ni àkọ́kọ́ kú. Ó pọ́n nídìí, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ àná, ìka ni Ìyá Ìbejì fi kàn án tó fi ṣubú. Ọjọ́ kẹta, méjì. Kí oṣù tó parí, mẹ́rìndínlógún ti lọ. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ kan yanrìn, yanrìn tutù. Ẹnì kan ń bomi! Ó bú, ó ṣépè, ó ní kí gbogbo wa wá fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ òun búra. A búra. Èmi náà búra, ṣùgbọ́n mo fi ìka méjì kọ́ra lábẹ́ ìró.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Omi tí mo fi fọ ìrẹsì ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé omi ìrẹsì ń ṣe ohun ọ̀gbìn lóore, ata mi lẹ́yìn ilé ń jẹ́rìí. Àwọn ọmọ náà rí kánńdó, òùngbẹ hàn lójú wọn, mo sì jẹ́ abiyamọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú wọn kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí mo ti jáwọ́, mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́nà. Èèyàn tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í ṣe olófòófó, oorun ni kì í pọ̀ lójú mi. Láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá òru, Ìyá Ìjọ yọ, ìgò omi àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ́n ọn sórí agolo kọ̀ọ̀kan nígbà méje méje. Ní méje lọ́nà mọ́kànlá, ẹ ṣírò rẹ̀. Ní aago kan kọjá díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà wọlé láti ibi tó ti lọ mu bíà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da ìyókù inú ìgò sí agolo tó sún mọ́ ọn, ó ní, "Gbà, ìwọ náà ọkùnrin ni." Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ bí, jáde pẹ̀lú oorun lójú. Ilé ìtọ̀ jìnnà, ilẹ̀ ṣú. Agolo sì wà nítòsí. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo dákẹ́. Ta ni mo fẹ́ tú, tí wọn ò ní tú èmi náà? Ìyá Ìbejì tilẹ̀ ti ń rò pé wọ́n fẹ́ jí wọn ni, torí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn tún ti sọ fún un pé wọ́n ń jí kákítọ́ọ̀sì láyé yìí, pé ní 2020 àwọn ọlọ́pàá Ítálì ká èyí tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n wú láti aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Chile, tí wọ́n sì dá èyí tó ju 800 lọ nínú wọn padà lọ́dún kejì. Ìyá Ìbejì ra wáyà, ó fi yí ibẹ̀ ká. Wáyà kì í dá omi dúró.

Ó ku márùn-ún nígbà tí òjò tán.

Ní Dìsẹ́ńbà, mo lọ sí Oǹdó fún ìsìnkú. Ẹ mọ àwọn ará Oǹdó, wọn kì í fi ayẹyẹ ṣeré, aṣọ ẹbí nìkan ti gba èrè gàrí oṣù méjì lọ́wọ́ mi, Ìyá Ìbejì ló sì rán an, nítorí náà ọ̀nà ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gán etí rẹ̀. A kọjá Ọ̀wẹnà, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ewé kòkó pupa lójú ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ti ní kí n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Yaba, Yaba ti Oǹdó ni mo wí, kì í ṣe ti Èkó. Mo bá ìyá náà lẹ́yìn ilé, ó ń bomi sí ọmọ kòkó. Ẹ wá wo iṣẹ́! Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọ̀rá dúdú ló tò sílẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji lé wọn lórí, ó sì ń bu omi sí wọn níkọ̀ọ̀kan, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nínú ọyẹ́ yẹn. Ó ní tí òun bá fo ọjọ́ méjì, òun ti sọ wọ́n nù. Títí di May tí òjò bá múlẹ̀ ni yóò tó kó wọn lọ oko sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ni yóò sì fi mọ èyí tó jẹ́ ọmọ nínú wọn.

Mo sọ fún un bí Ìyá Ìbejì ṣe gba kóró tó gbẹ nínú àpòòwé, tó gba òkun kọjá tó sì hù. Ó ṣẹ́wọ́. Ó ní kóró kòkó kò gba irú ìyẹn. Ẹ bá la èso kòkó lónìí, ẹ ka bí ọgbọ̀n sí ogójì kóró nínú rẹ̀, ẹ tètè gbìn ín. Ẹ bá sá a gbẹ, ó di ọjà, kò di irúgbìn mọ́. Ó ní àwọn tó wá láti ibùdó ìwádìí kòkó CRIN ní Ọ̀wẹnà gan-an, èso tútù ni wọ́n máa ń pín fún àwọn tó fẹ́ gbìn. Mo ní ọmọ FUTA kan sọ fún mi pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkó náà ti wá, bíi kákítọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ ìyá méjì tó jọ wọkọ̀ wá, ọ̀kan di olówó ní Oǹdó, ọ̀kan ń gbé inú agolo mílíìkì.

Agolo wo? Ó tọ́ka sókè. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé nígbà tó wá kí wa l'Ákùúrẹ́ ní ìparí May, Ìyá Ìbejì ti fún un ní agolo kan, ọmọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó gbé e sórí ibi tí ògiri ilé ìkó-kòkó pàdé páànù, níbi tó ti ń gbóná bí ààrò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí òjò kò dé. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́, kò fún un ní ìkán omi kan láti bí oṣù méje, àfi ìrì tó ń kán láti ara páànù. A gbé àkàsọ̀, mo gùn ún. Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n sún kì díẹ̀, wọ́n le bí òkúta, ẹ̀gún funfun bò wọ́n bí irun arúgbó, ọ̀kan ti ju èso ìdò lọ. Mo fi ìka kàn án, ó gún mi dáadáa.

Ìyá ní, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Mo ní àwọn kan ń so èso tí wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n bóyá ti eléyìí. Ó ní kí n mú ọ̀kan lọ fún àbúrò òun, kó fi tu ara rẹ̀ nínú.

Mo mú un bọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Mi ò tíì fún un. Tí mo bá fún un, yóò bi mí pé báwo ni ti Oǹdó ṣe yè, màá ní nítorí pé wọn kò bomi sí i, yóò ní ta ló wá bomi sí ti Àkúrẹ́, ojú mi kò sì lè pa irọ́ mọ́ ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí. Ó wà lójú fèrèsé yàrá mi, lẹ́yìn kọ́tìnì.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá Ìjọ ti jáwọ́, ó ní ẹ̀mí náà ti lọ. Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà ń gbààwẹ̀ ìparí ọdún. Ìdòwú ti gba póò tirẹ̀. Èmi, mo ti búra, lọ́tẹ̀ yìí láìfi ìka kọ́ra. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láàárọ̀, agolo márààrún máa ń rin.

Ní alẹ́ àná, bí aago kan òru, ilẹ̀kùn kan dún. Mo yọjú. Tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ife. Ìyá Ìbejì ni. Ó kúnlẹ̀ nínú wáyà tó fúnra rẹ̀ ta, ó ń rọra ta omi síbẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo fa ilẹ̀kùn mi padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Láàárọ̀ yìí ó wá ra gàrí kóńgò kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé oorun yín dùn?"

Mo ní, "Ó dùn o, ọmọ mi. Mi ò jí lóru rárá."